Páàtì tuntun, ẹ́ńjìnì àtijọ́: ṣé bó ṣe jáde nínú páálí ló ṣe máa wọlé?

Ìbéèrè

Mo tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Morris Minor ọdún 1965 sílẹ̀, ti 1098 cc. Mo ti ra písítìn mẹ́rin ọ́fásáìsì (tó fẹ̀ ju ti tuntun lọ) íǹṣì 0.020 pẹ̀lú ríǹgì wọn, mo ra bẹ́rìn kíráńkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí) ọ́ńdásáìsì íǹṣì 0.010, ìyẹn fún ọrùn kíráńkì tí wọ́n ti lọ̀ tó sì ti tín-ín-rín sí i, mo sì ra odindi sẹ́ẹ̀tì gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò tíì wọn nǹkan kan lára búlọ́ọ̀kù. Mẹkáníìkì kan ní kí n kàn fi òkúta họ́ọ̀nù ha inú sílíńdà, kí n fi ríǹgì sítáńdáàdì sórí písítìn àtijọ́, ó tán. Èkejì ní réébọ̀ (kí wọ́n gbẹ́ ihò sílíńdà kó fẹ̀ sí i) ni dandan. Ẹni tó ta ọjà fún mi ní kò sí ohun tí màá fi fáìlì ṣe, pé bó ṣe jáde nínú páálí náà ló ṣe máa wọlé. Ta ni kí n gbọ́ nínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé "ó dá lórí" o.

* * *

Ẹ ti ra ṣòkòtò kí ẹ tó wọn ìbàdí. Ó ṣì lè bá yín mu, àmọ́ tó bá bá yín mu, oríire ni. Èèyàn kọ́ ló ń yan ọ́fásáìsì. Sílíńdà tó jẹ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yàn án.

Ihò sílíńdà ẹ́ńjìnì yín jẹ́ 64.58 mm nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ẹ fi géèjì tó ń wọn inú ihò wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta: lábẹ́ ètè tó yọ lókè (ibi tí ríǹgì kì í dé lókè, tí kò fi jẹ), láàárín, àti nísàlẹ̀ níbi tí ríǹgì kì í dé. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ tẹ̀ lé gígùn kíráńkì, kí èkejì dábùú rẹ̀. Bí iná bá jó lórí písítìn, rọ́ọ̀dù tó so ó mọ́ kíráńkì kì í wà ní òòró gangan, ó máa ń ti písítìn lu ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń jẹ. Òkè tún ń jẹ ju ìsàlẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni ooru pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ọ́ìlì ti kéré jù. Ihò tó rí róbótó lójú lè ti rí bí ẹyin, kí ẹnu rẹ̀ sì ti fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ.

Bí ìyàtọ̀ tó tóbi jù tí ẹ rí ò bá ju 0.08 mm lọ, mẹkáníìkì àkọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Tó bá wà láàárín 0.08 àti 0.15 mm, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti máa ń jiyàn. Tó bá kọjá 0.15 mm, kò sí iyàn mọ́, ẹ gbé e lọ fún réébọ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ọ́fásáìsì 0.020 jẹ́ 0.51 mm lórí odindi ihò, nítorí náà ìwọ̀n 0.25 mm péré ni irin ń fá kúrò lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí sílíńdà kan ṣoṣo bá ní ojú ọgbẹ́ tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò lọ sí 0.030 tàbí 0.040. Nígbà náà, písítìn 0.020 yín ti di ohun ọ̀ṣọ́ orí tábìlì.

* * *

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pátápátá. Torí pé kò parọ́, ohun tó sọ ni kò tíì parí. Ríǹgì tuntun nínú ihò tí kò jẹ púpọ̀ lè sin ọkọ̀ fún ọdún pípẹ́. Wàhálà rẹ̀ wà níbi mẹ́ta.

Ti àkọ́kọ́ ni ètè òkè yẹn. Ríǹgì àtijọ́ ti jẹ igun rẹ̀ mọ́ ètè náà, wọ́n ti mọwọ́ ara wọn. Ríǹgì tuntun ní igun tó mú, ó máa lọ gbá ètè náà nígbàkúùgbà tí písítìn bá gòkè, yóò sì ṣẹ́, tàbí kó fọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín ojú ihò ríǹgì méjì lára písítìn. Ẹ fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fá ètè fá a kúrò, tàbí kí ẹ ra ríǹgì òkè tí wọ́n gé igun rẹ̀ sílẹ̀ kó lè yẹ ètè náà sílẹ̀. Kí ẹ sì fá ètè náà kí ẹ tó ti písítìn jáde láti òkè, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti fipá yọ ọ́.

Ti èkejì: ẹ fi ríǹgì tuntun sí ojú ihò rẹ̀ lára písítìn àtijọ́, kí ẹ ki fíílà géèjì (ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) bọ àárín wọn. Tó bá ti gba 0.10 mm, ojú ihò náà ti fẹ̀ jù. Ríǹgì á máa jó lókè nílẹ̀ nínú rẹ̀, á máa fa ọ́ìlì lọ sókè bíi pọ́ǹpù. Ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ sí èéfín tó lé yín dé ibi títú ẹ́ńjìnì.

Ti ẹ̀kẹta ni ìṣirò. Bí ihò bá fi 0.10 mm fẹ̀ sí i, àlàfo ẹnu ríǹgì máa fi ìlọ́po 3.14 rẹ̀ ṣí sí i, ìyẹn 0.31 mm. Ẹ jẹ́ ká ní òkè sílíńdà fi 0.20 mm fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ríǹgì tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.25 mm nísàlẹ̀ á ti di 0.88 mm lókè, afẹ́fẹ́ iná á máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá wá lọ wọn tirẹ̀ lókè, tó ní 0.25 dára, ẹnu ríǹgì náà á ti kan ara wọn kó tó dé ìsàlẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn àlàfo ríǹgì nísàlẹ̀ ibi tí ríǹgì ń rìn dé, tí ihò náà kò bá tíì gba réébọ̀.

* * *

Ní ti oníṣòwò yẹn: rárá o. Ríǹgì kì í ti inú páálí wọ sílíńdà láìjẹ́ pé a wọ̀n ọ́n.

Òfin tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí àlàfo ẹnu ríǹgì jẹ́ íǹṣì 0.003 sí 0.004 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí ihò fẹ̀. Bí ihò yín bá di 65.09 mm lẹ́yìn réébọ̀ 0.020, ìyẹn jẹ́ bí 0.20 sí 0.26 mm. Ẹ fi ríǹgì sínú sílíńdà tó máa gbé, kì í ṣe sílíńdà mìíràn. Ẹ dojú písítìn délẹ̀, ẹ fi orí rẹ̀ ti ríǹgì náà wọlé bí 25 mm kó lè jókòó dọ́gba, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Bó bá kéré, ẹ fi fáìlì pẹlẹbẹ tó kúnná há sí báìsì, kí ẹ fa ríǹgì kọjá lára rẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo, láti ojú ìta wá sínú. Bí ẹ bá fa á láti inú bọ̀ síta, eteetí ojú tó ń fara kan sílíńdà máa bó. Fà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ̀n ọ́n. Fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó lè fi fáìlì dá irin padà.

Àwọn kan máa ń sọ pé àlàfo kékeré ń mú kí kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n le. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, bóyá. Àmọ́ ríǹgì òkè máa ń gbóná ju ògiri sílíńdà lọ, ó sì máa ń gùn sí i. Bí kò bá ti rí àyè mọ́, ẹnu rẹ̀ á kan ara wọn, á wá fi gbogbo agbára ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri, á ha á, á sì ṣẹ́. Àlàfo tó fi 0.05 mm pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n lára ọkọ̀. Èyí tó fi 0.05 mm kéré jù lè ba sílíńdà kan jẹ́ nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo.

Ojú tí wọ́n kọ TOP sí máa kọjú sókè. Ẹnu àwọn ríǹgì kò gbọdọ̀ wà lórí ìlà kan náà, ẹ pín wọn yí ká. Bí ríǹgì ọ́ìlì bá jẹ́ alápá mẹ́ta, ẹ wo sípíríǹgì àárín rẹ̀ dáadáa kí ẹnu rẹ̀ má gun ara wọn, torí pé tó bá gun ara wọn, ọkọ̀ máa rú èéfín láti ọjọ́ kìíní, ẹ ó sì máa fẹ̀sùn kan fáàfù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

* * *

Ẹnìkan fi kún un pé ó dára bí onílẹ́ẹ̀tì bá ti ṣe réébọ̀ sílẹ̀ kí a tó ra písítìn, kí gbogbo owó má bàa jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Onílẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ rí písítìn lójú kó tó fi irin kan búlọ́ọ̀kù. Yóò fi maikirómítà wọn ẹ̀gbẹ́ písítìn nísàlẹ̀, ní ìdábùú ibi tí píìnì gbà kọjá, yóò fi àlàfo tí ẹni tó ṣe písítìn náà kọ sílẹ̀ kún un, iye yẹn ló máa gbẹ́ ihò sí. Písítìn tí wọ́n kọ 0.020 sí lórí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, àlàfo tí kálukú wọn sì fẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀nà rẹ̀ nìyí: wọ̀n ọ́n, mọ sáìsì, ra písítìn, gbé písítìn àti búlọ́ọ̀kù lọ papọ̀.

Nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá padà dé, pẹtiróòlù kọ́ ni ẹ máa fi fọ inú sílíńdà. Pẹtiróòlù ń ṣan ọ́ìlì lọ, ó ń fi ìyẹ̀fun òkúta họ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú àwọn ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Bí aṣọ bá ṣì ń dúdú, ẹ tún un fọ̀. Gbàrà tó bá mọ́, ẹ fi ọ́ìlì pa á, torí irin tí kò ní ọ́ìlì lára kì í pẹ́ dípẹtà. Ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì tó dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì nínú búlọ́ọ̀kù, kí ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì gígùn bọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun irin máa ń sá pamọ́ sí, bẹ́rìn tuntun yín ló sì máa kọ́kọ́ jẹ.

* * *

Bẹ́rìn ńkọ́? Àwọn tó ń pè é ní mẹ́tàlì, ohun kan náà ni à ń sọ.

Ẹ yí bẹ́rìn àtijọ́ sẹ́yìn kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ sáìsì síbẹ̀: STD (sítáńdáàdì), 010, 020. Èyí ló máa sọ bóyá ẹnìkan ti lọ kíráńkì yẹn rí. Bí ó bá jẹ́ STD, tí ẹ wá fi 010 yín sí i láì lọ kíráńkì, kò ní yí. Bí ó bá ti jẹ́ 020, tí ẹ fi 010 sí i, àlàfo á ju 0.25 mm lọ, kò ní sí agbára tó ń ti ọ́ìlì kankan, yóò sì máa kan bí ìlù.

Lẹ́yìn náà ẹ fi maikirómítà wọn ọrùn kíráńkì kọ̀ọ̀kan yí ká. Tí ó bá ti fi 0.025 mm yàtọ̀ sí róbótó, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń lọ̀ ọ́ pé kó fi igun ọrùn náà sílẹ̀ ní róbótó bó ṣe wà. Igun tó bá mú ṣáká ni kíráńkì ti máa ń sán lẹ́yìn ọ̀la.

Òfin àlàfo bẹ́rìn ni íǹṣì 0.001 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí ọrùn nípọn. Ọrùn kíráńkì yín tó jókòó sínú búlọ́ọ̀kù jẹ́ íǹṣì 1.75, ìyẹn jẹ́ bí 0.045 mm. Plastigauge (okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ tó ń tẹ́ bí a bá dì í) ló rọrùn jù fún ẹni tí kò ní irinṣẹ́ ńlá: ẹ nu ọ́ìlì kúrò lójú bẹ́rìn àti ọrùn, ẹ gé okùn rẹ̀ dábùú ọrùn, ẹ di bóòtì dé òpin tọ́ọ̀kì (agbára tó yẹ kí a fi dì í), ẹ tú u, ẹ fi ìwé tó bá a wá wọn ìbú ibi tó tẹ̀. Ẹ má yí kíráńkì nígbà tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn bẹ́rìn gbọ́dọ̀ gbẹ, kò gbọdọ̀ sí ọ́ìlì tàbí eruku lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń gba ọ́ìlì. Ẹ ó rí i pé ẹnu bẹ́rìn yọ díẹ̀ kọjá ẹnu irin tó gbé e. Ẹ má fi fáìlì fá a o, èyí tó yọ yẹn ló ń fún un mọ́lẹ̀ kó má bàa yí. Àwọn kan máa ń fi ìwé tàbí ègé agolo sẹ́yìn bẹ́rìn kí ó lè le. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ooru ò ní rí ọ̀nà gbà jáde lẹ́yìn rẹ̀, á sì yọ́.

(Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí bá ọkọ̀ tó dàgbà ju èyí lọ lò láìwò ó. Ford Model A, tí wọ́n ṣe dé ọdún 1931, kò ní bẹ́rìn tí à ń kì bọ̀ ọ́ láti ilé-iṣẹ́. Irin funfun ni wọ́n yọ́ dà sínú rẹ̀, wọ́n sì ń yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lábẹ́ ìdérí láti dín àlàfo kù. Ibẹ̀ nìkan ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti bófin mu, lábẹ́ ìdérí, kì í ṣe lẹ́yìn bẹ́rìn.)

Wọ́ṣà ìlàjì mẹ́rin tí kì í jẹ́ kí kíráńkì máa lọ síwá sẹ́yìn náà ṣe pàtàkì. Ojú tó ní ìlà máa kọjú sí kíráńkì. Nínú ẹ́ńjìnì yìí, àyè tó yẹ kó ní ò ju 0.05 sí 0.08 mm lọ. Ẹni tó bá fi ojú tó dán kọ sí kíráńkì, ìgbà tó bá ń tẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì ló máa mọ ohun tó ṣe.

* * *

A ti ń yà díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ "ojúlówó àtijọ́ tí kò tíì jáde nínú páálí" tàbí "ẹ̀dà tuntun" kì í tán nílẹ̀. Àwọn kan búra pé ti àtijọ́ nìkan ni. Mo gbà fún irin: káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), tápẹ́ẹ̀tì (irin tó jókòó sórí ẹsẹ̀ káàmù), gíà, rọ́ọ̀dù. Tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀dà tí wọn kò sè líle tó lè jẹ ẹsẹ̀ káàmù tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí káàmù tuntun, kálukú ti mọ ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ lé.

Fún rọ́bà àti kọ́ọ̀kì, rárá. Ọ́ìlì síìlì tó ti wà nínú páálí láti bí ogójì ọdún ti gan, ètè rẹ̀ á là lọ́jọ́ kìíní. Rọ́bà inú pọ́ǹpù epo tí wọ́n ṣe kí ẹtanọ́ọ̀lù tó máa wọ pẹtiróòlù á wú, á sì rọ̀. Irin láti inú páálí àtijọ́, rọ́bà láti inú páálí tuntun, èyí ni tèmi. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sì lè ní asbestos nínú. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó ha á kúrò, ẹ má fi ẹ̀rọ gbọ̀n ọ́n ní gbígbẹ.

Bóòtì náà, ẹ ṣọ́ra. Nínú ìlànà eyín bóòtì Whitworth ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bóòtì íǹṣì 1/2 ní eyín 12 nínú íǹṣì kan; UNC, ìlànà míì, ní 13. Ìkejì kò ní wọlé tààrà, ẹ ó mọ̀. Àmọ́ 3/8 àwọn méjèèjì ní eyín 16, wọ́n á wọlé bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn, bẹ́ẹ̀ igun eyín ọ̀kan jẹ́ 55°, ti èkejì 60°. Yóò di mú, títí dìgbà tó bá gba tọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnì XPAG ti ọkọ̀ MG àtijọ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: eyín mẹ́tíríìkì ni, orí bóòtì Whitworth. Ẹ tọ́jú bóòtì àtijọ́ yín, ẹ má kó o dànù kí tuntun tó wọlé tán.

* * *

Ìbéèrè míì: ṣé dandan ni kí a pààrọ̀ ìjókòó fáàfù nítorí pẹtiróòlù tí kò ní òjé? Láti ọdún 2021, kò sí orílẹ̀-èdè tó ṣì ń ta pẹtiróòlù olójé fún ọkọ̀ lásán mọ́. Òjé yẹn ló ń tẹ́ bí ìbusùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín fáàfù èéfín àti tọ́ọ̀pù sílíńdà irin dúdú. Láìsí i, fáàfù á máa lẹ̀ mọ́ ìjókòó rẹ̀ nínú ooru, á máa ya á díẹ̀díẹ̀, á sì máa rì wọlé, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì á máa kéré títí kò fi ní sí. Èrò mẹ́ta ló wà: da oògùn sínú epo, fi ìjókòó líle sí i, tàbí fi í sílẹ̀ títí yóò fi jẹ. Tèmi ni pé níwọ̀n ìgbà tí tọ́ọ̀pù ti wà lọ́wọ́ onílẹ́ẹ̀tì, kí ó fi ìjókòó líle mẹ́rin sí ti èéfín. Ti ìgbàwọlé kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí tọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣì wà lórí, tí ọkọ̀ kì í sáré, kò gbọdọ̀ tú u nítorí èyí nìkan.

Ní ti gọ́ọ̀mù lórí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù: ẹ má lò ó. Ẹ lo gásíkẹ́ẹ̀tì ní gbígbẹ, kí TOP àti FRONT tí wọ́n kọ sí i wà níbi tó yẹ. Ohun tó ń mú kó jò ni ẹnu ihò sítọ́ọ̀dù (bóòtì aláìlórí tó di tọ́ọ̀pù mú) tó ti wú sókè lójú búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi dírílì ńlá kan án fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè wọlẹ̀. Ẹ di nọ́ọ̀tì láti àárín jáde síta, kọ́kọ́ 20 lb ft, lẹ́yìn náà 30, kó tó wá di 40, ìyẹn 54 Nm. Lẹ́yìn tó bá ti gbóná, tó sì tutù pátápátá, ẹ tún un di, kí ẹ tún tápẹ́ẹ̀tì tò sí 0.30 mm, torí tọ́ọ̀pù ti jókòó sí i.

* * *

Padà sí ẹni tó béèrè. Ẹ yá géèjì lónìí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún sílẹ̀, mẹ́fà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹ̀yìn bẹ́rìn. Nígbà náà ni mẹkáníìkì méjèèjì yóò sọ ohun kan náà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sínú, ẹ tú púlọ́ọ̀gì iná sílẹ̀ kí ẹ fi sítátà yí i títí géèjì ọ́ìlì fi máa gòkè. Bí káàmù bá jẹ́ tuntun, ẹ fi ìpara mólíbídẹ́nọ̀mù pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ lo ọ́ìlì tí síńkì rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí bí 2,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti jó, fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kó máa kùn jẹ́ẹ́jẹ́, torí ọ́ìlì tó ń ta sára káàmù kì í tó nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ ti kún, kí àkókò iná sì ti tọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Àti písítìn 0.020 yẹn: ẹ má tíì já ọ̀rá rẹ̀. Bí géèjì bá ní 0.030, ẹ lè rí i dá padà.